Ẹ̀kọ́ Òfuurufú: Kí Ni Àwọn Ọmọ Wa Yóò Rí Kọ́ Níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ìwé yìí jẹ mọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí òbí wọn kò tíì mọ ilé ìwé girama tí wọn yóò fi wọ́n sí.

Ènìyàn díẹ̀ ni yóò wà ní ìpínlẹ̀ Kogi yìí tí kò tíì gbọ́ orúkọ Tolúlọpẹ́ Arótilé. Ọmọ Iffe ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ọmọ Okun, ọmọ Yorùbá bí àwa náà. Kàdúná ni a bí i sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1995. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ní Kàdúná ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ní ọdún 2000. Láti 2006 títí dé 2011, ó wà ní ilé ìwé girama ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú kan náà. Ní 2012 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà tí a ń pè ní Nigerian Defence Academy, ó ka ìmọ̀ ìṣirò gboyè níbẹ̀, wọ́n sì fi í joyè ọ́físà ní oṣù Kẹsàn-án 2017. Wọ́n rán an lọ sí South Africa láti kọ́ bí a ti ń wa hẹlikọ́pítà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2019, wọ́n fi ìyẹ́ awakọ̀ òfuurufú sí i láyà, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó wa hẹlikọ́pítà ogun. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi ìyẹ́ sí Kafayat Sanni láyà, ẹni tí ó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ láti wa ọkọ̀ òfuurufú ìjà. Lẹ́yìn náà, Arótilé wà lára àwọn tí ó ń fò láti Minna láti kojú àwọn olè inú igbó.

Kò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2020, nínú ọgbà àwọn ọmọ ogun òfuurufú ní Kàdúná, mọ́tò kan tí ń fi ẹ̀yìn rìn gbá a ṣubú. Ẹni tí ó wa mọ́tò náà jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni wọ́n sin ín ní ibojì àwọn ọmọ ogun ní Àbújá. Ẹni ọdún 24 ni. A sọ̀rọ̀ ikú náà títí, olúkúlùkù sì sọ èyí tí ó rò. Ṣùgbọ́n ènìyàn díẹ̀ ni ó béèrè bí ọmọ náà ṣe dé inú hẹlikọ́pítà. Ẹ tún wo àwọn ọdún tí a kà sílẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbé sílétì dé ọjọ́ tí wọ́n fi ìyẹ́ sí i láyà, ọdún 19 ni. Ìṣirò ni ó sì fi gba oyè rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn nínú ilé àwọn kan ní àárín wa. Ìyá kan tí ó ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Kpata dúró de akọ̀wé lẹ́yìn ìpàdé, ó ní: “Bàbá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wádìí nǹkan kan. Ọmọ mi obìnrin ní ilé ìwé àwọn ọmọ ogun òfuurufú ni òun fẹ́ lọ. Bàbá rẹ̀ ní láéláé. Ṣé wọn yóò fi ọmọ náà ṣe sọ́jà ni, àbí ìwé ni wọn yóò kọ́ ọ?” Akọ̀wé ní, “Ìyá, ẹ fún mi láàyè kí n wádìí rẹ̀.” Èyí tí ẹ ń kà yìí ni a rí.

Ilé ìwé àwọn ọmọ ogun òfuurufú kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Oríṣi kan wà tí ó dàbí èyí tí Arótilé lọ, ilé ìwé girama tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú dá sílẹ̀ nítorí ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń gba ọmọ ará ìlú pẹ̀lú. Ìdánwò WAEC tí àwọn ọmọ yòókù ń ṣe náà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá jáde níbẹ̀ lè di dókítà, ó lè di agbẹjọ́rò, bí ó bá sì wù ú, ó lè wá jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ẹja. Oríṣi kejì ni ti Jos, Air Force Military School, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin ní 1980. Ibẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí bí ológun ni wọ́n ti ń tọ́ ọmọ láti ọjọ́ tí ó bá wọlé. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ti ní irú rẹ̀ ní Zaria láti 1954. Nítorí náà, kí òbí tó san owó fọ́ọ̀mù, kí ó kọ́kọ́ béèrè pé ti oríṣi wo ni fọ́ọ̀mù náà. A mọ ẹni tí kò béèrè, tí ó wá ń bínú lẹ́yìn ọ̀la.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé iṣẹ́ tuntun ni èyí fún Yorùbá. Ní ìgbà ogun Hitler, Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba oyè ọ́físà ní 1942, òun ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó kú ní 1945, kí ogun tó parí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn ìdílé, ẹ gbọ́ o: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni Stella Thomas, tí ó di obìnrin adájọ́ májísíréètì àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1943. Inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde! Nígbà tí Nàìjíríà fẹ́ dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú tirẹ̀ sílẹ̀, ó kọ́kọ́ rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ní Ethiopia ní 1962, ó tún rán àwọn mìíràn lọ sí Kánádà àti Íńdíà ní 1963. Ní oṣù Kẹrin 1964 ni òfin fi ìdí ẹgbẹ́ náà múlẹ̀, ọmọ Jámánì kan, Gerhard Kahtz, sì ni ó kọ́kọ́ ṣe olórí rẹ̀. Ọdún 1966 ni ó tó kan ọmọ Nàìjíríà.

Ìwé wo wá ni wọ́n ń kọ́ tí à ń pè ní ìmọ̀ òfuurufú? A lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹnikẹ́ni lè dán wò. Bí ẹ bá wà nínú mọ́tò tí ń sáré ní ọ̀nà Ganaja, ẹ na ọwọ́ jáde díẹ̀ ní fèrèsé, kí ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀. (Ẹ kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ọ̀kadà ń bọ̀ o.) Ẹ ó rí i pé afẹ́fẹ́ gbé ọwọ́ náà lọ sókè. Ọwọ́ yín ń ti afẹ́fẹ́ lọ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń ti ọwọ́ yín lọ sókè. Bí apá ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń gbé e nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ní láti máa sáré síwájú kí afẹ́fẹ́ tó lè gbé e, ìdí nìyẹn tí ó fi ń sáré nílẹ̀ kí ó tó fò. Hẹlikọ́pítà kò ní sáré nílẹ̀, nítorí pé apá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń yí po lókè orí. Ara rẹ̀ lè dúró sójú kan, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ń sáré.

Níbẹ̀ ni ìṣòro kan ti yọjú. Gbogbo wa tí a ń wọ ọkọ̀ ojú omi mọ̀ pé bí ènìyàn bá fò láti inú ọkọ̀ kékeré sí èbúté, bí òun ti ń lọ síwájú ni ọkọ̀ ń sá sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti hẹlikọ́pítà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí apá òkè sí ọ̀nà kan, ara ọkọ̀ yóò fẹ́ yí sí ọ̀nà kejì, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì máa pòòyì bí òkòtó. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi fi apá kékeré kan sí ìrù rẹ̀, tí ń ti ìrù náà sí ẹ̀gbẹ́ kí ara ọkọ̀ má bàa yí. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni awakọ̀ fi ń darí apá ìrù yìí, ọwọ́ kan ń gbé ọkọ̀ lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ọwọ́ kejì ń tẹ̀ ẹ́ síwájú, sẹ́yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yí díẹ̀, àwọn yòókù ní láti yí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wá sọ fún wa pé obìnrin tí ó ń ro ọkà, tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn, tí ó ń fi ẹsẹ̀ ti igi sínú iná, kò lè kọ́ irú iṣẹ́ yìí.

Ooru náà wà níbẹ̀. Ìlú tiwa yìí wà láàárín òkè Patti àti odò, a kò sì nílò ẹni tí yóò sọ fún wa bí ó ṣe ń gbóná tó ní oṣù Kẹta. Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná a máa fẹ̀, a sì máa fúyẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fúyẹ́, ohun tí apá ọkọ̀ òfuurufú rí tì kò pọ̀ tó, nítorí náà ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù lè wúwo jù fún un ní ọ̀sán gangan. Awakọ̀ ní láti ṣírò rẹ̀ kí ó tó gbéra: bí ooru ti tó, bí ibẹ̀ ti ga tó, bí epo ti wúwo tó, ènìyàn mélòó ni ó wà nínú ọkọ̀. Bí ó bá ṣì í ṣírò, àdúrà nìkan ni ó kù. Nítorí ìdí yìí ni ìṣirò fi ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun mìíràn lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí, òun náà sì ni ó ń bà wá lẹ́rù jù nípa àwọn ọmọ wa. Ọmọ tí ó bá ń sá fún ìṣirò láti ìwé kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, aṣọ ológun kò ní bá a ṣe é.

Ìdajì kejì ẹ̀kọ́ náà ni ẹ̀kọ́ ìdarí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀, wọ́n rò pé yíyan lásán ni, kí a máa na ọwọ́ na ẹsẹ̀ nínú oòrùn. Àwọn àgbà wa tí ó ṣe Boys' Brigade nígbà èwe mọ̀ pé yíyan ní ìdí. Wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ láti gbọ́ àṣẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọmọ mẹ́wàá sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bi í ní alẹ́ pé: ta ni kò jẹun? Bàtà ta ni ó ya? Ta ni ó ń ṣe àìsàn tí ó ń fi pa mọ́? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, òun ni wọn yóò bá wí. Ọmọ tí ó bá ti ṣe èyí fún ọdún méjì yóò máa mú ojú tó ẹlòmíràn. Irú ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n dá sílẹ̀ ní Man O' War Bay ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù ní 1951 fún àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà, tí orúkọ Man O' War fi tàn dé àwọn ilé ìwé wa títí di òní.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ẹ̀kọ́ ìdarí ti àwọn awakọ̀ òfuurufú tí ó yàtọ̀ sí ti gbogbo ológun yòókù, ó sì kan àwa Yorùbá gidigidi. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 1977, ní erékùṣù Tenerife, ọkọ̀ òfuurufú ńlá méjì forí sọ ara wọn nílẹ̀ nínú kùrukùru, ènìyàn 583 sì kú. Kò tíì sí ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú méjì tí ó forí sọ ara wọn tí ó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá àgbà ni ó wa ọkọ̀ tí ó ń sáré láti gbéra, awakọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún ní ilé iṣẹ́ náà. Wọn kò tíì fún un ní àṣẹ láti gbéra. Ẹni tí ó ń mójú tó ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn rẹ̀ béèrè bóyá ọkọ̀ kejì ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń sáré lọ. Ọmọ iṣẹ́ náà kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ kò ha mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn bí? Àwa náà máa ń ṣe é níwájú àwọn àgbà.

Láti ẹ̀yìn ìjàǹbá náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ pé kí ọmọ iṣẹ́ sọ ohun tí ó rí jáde, kí ó tún un sọ bí wọn kò bá gbọ́, kí ọ̀gá sì dúró gbọ́ ọ. Wọn kò mú ọ̀wọ̀ kúrò o, ọ̀gá ṣì ni ọ̀gá. Ìwé àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń kà sí ara wọn létí sókè kí wọ́n tó gbéra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kà á ní ìgbà ẹgbẹ̀rún. Ọmọ kékeré a máa ka ìwé yìí fún àgbà, àgbà a sì máa dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn baba wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí ọmọdé náà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tiwa ni pé, bí ilé ìwé kan bá lè kọ́ ọmọ wa láti sọ òtítọ́ fún àgbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìbú u, láìbẹ̀rù rẹ̀, owó ilé ìwé náà kò gbé.

Àwọn ará wa tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà ń rí ẹ̀kọ́ yìí lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ọmọ wọn kúrò nílé. Ní 1964 ni òfin ibẹ̀ fi àyè gba ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Ní 1966 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé 20, òní ó ti lé ní 800. Ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà ní ìbẹ̀rẹ̀, títí òfin fi ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ní 1973. Àwọn ọ́físà àti sájẹ́ńtì tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ni olùkọ́. Bí ọmọ ṣe ń ka ìtàn àti ìṣirò ni ó ń ka ìmọ̀ òfuurufú àti ẹ̀kọ́ ìdarí, a máa wọ aṣọ kádẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, a máa ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ní àdúgbò, bí ó bá sì parí, kò sí iṣẹ́ ológun tí ó di dandan fún un. Láti 2018, wọ́n ń yan díẹ̀ nínú wọn láti lọ kọ́ wíwa ọkọ̀ òfuurufú ní àkókò ìsinmi, láìgba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Air Training Corps ti wà láti 1941. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pàdé lẹ́yìn ilé ìwé, àwọn àgbà tí ó yọ̀ǹda ara wọn ni ó sì ń bójú tó wọn.

A kò ní fi apá kan ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Ní 2022, ìwé ìròhìn The New York Times tú u jáde pé ní àwọn ilé ìwé kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi orúkọ ọmọ sínú ẹ̀kọ́ kádẹ́ẹ̀tì láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá níbi tí àwọn tálákà àti aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí. Ìwé ìròhìn náà tún kọ nípa àwọn olùkọ́ kan tí wọ́n hùwà ìbàjẹ́ sí àwọn ọmọbìnrin abẹ́ wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa lọ́hùn-ún, ẹ wo ìwé tí ọmọ yín mú wálé kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì mọ olùkọ́ náà lójú. Aṣọ tí a lọ̀ dáadáa kì í sọ ìwà ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Àwọn kan yóò bi wá pé kí ni Kpata fi ìmọ̀ òfuurufú ṣe, nígbà tí kò sí ibùdókọ̀ òfuurufú ní ẹ̀bá ilé wa. A ó dá wọn lóhùn pé kí wọ́n lọ wo odò. Ibí yìí ni odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ohunkóhun tí ó bá sì ṣẹlẹ̀ lókè odò, ọ̀dọ̀ wa ni yóò dé. Ní 2012 omi bo ilé, ó bo oko, ó bo títì tí ó lọ sí Àbújá ní ìhà Kọ́tọ̀n-Karfe. Ní 2022 ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó dúró sí ẹ̀bá odò kò lè rí i bí omi ti tàn tó. Ojú tí ó wà lókè ni ó lè rí i. Nàìjíríà ní irú ojú bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2003, nígbà tí wọ́n fi sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sókè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Kò tó 100 kílógíráàmù, ó sì ń lọ yí ayé po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 98. Kò rọ̀ mọ́ nǹkan kan lókè o. Ó ń ṣubú ni, bí òkúta tí a jù, ṣùgbọ́n ó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ilẹ̀ ayé fi ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ kí ó tó balẹ̀.

Nígbà tí sátẹ́láìtì náà ń ṣiṣẹ́, ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fi àwòrán ran ara wọn lọ́wọ́ nígbà àjálù. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní 2005, ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi àwòrán ibẹ̀ ránṣẹ́. Ní 2011 àwọn méjì mìíràn lọ sókè lọ́jọ́ kan náà, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X, àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà ni ó sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ NigeriaSat-X ní Surrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2017 àwọn ọmọ yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, pẹ̀lú yunifásítì kan ní Japan, fi èyí tí kò ju kílógíráàmù kan lọ sókè. Ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú òun ojú sánmà wà fún ilẹ̀ Áfíríkà láti 1998, wọ́n sì máa ń bá àwọn ilé ìwé girama ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọmọ tí a bí sí ẹ̀bá odò yìí, tí ó mọ ohun tí omi ń ṣe, a fẹ́ kí òun náà wà nídìí àwòrán wọ̀nyẹn lọ́jọ́ kan.

Ní ti ẹ̀rù ikú tí ó ń da ilé ìyá ẹlẹ́ja wa láàmú, òtítọ́ ni a ó sọ. Arótilé kò kú lókè. Ilẹ̀ ni ó ti kú, mọ́tò ni ó pa á, ẹni tí ó bá sì ń gba ọ̀nà Lokoja sí Òkéne mọ̀ bí mọ́tò ti ń pa ènìyàn tó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ogun léwu. Ní 2021 nìkan, ọkọ̀ òfuurufú ọmọ ogun kan já ní Àbújá ní oṣù Kejì, ènìyàn méje kú, òmíràn já ní Kàdúná ní oṣù Karùn-ún, olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sì bá a lọ. Bàbá tí ó bá wí pé òun kò fẹ́ iṣẹ́ ogun fún ọmọ òun kò ṣe àṣìṣe. Kí ó kàn mọ̀ pé ilé ìwé girama kò tíì jẹ́ iṣẹ́ ogun. Ọmọ ọdún 11 lè ka ìwé níbẹ̀ títí di 17, lẹ́yìn náà kí òun àti òbí rẹ̀ tún jókòó.

Bí ó bá di ìgbà náà, ọ̀nà pọ̀. Nigerian Defence Academy ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìdánwò JAMB àti ara líle, ìjọba ni ó sì ń san owó ẹ̀kọ́ náà. Láti 2011 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn obìnrin láti kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọ́físà ogun níbẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ ìbọn lè gba Zaria lọ, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú ará ìlú ti wà láti 1964. Chinyere Kalu, obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó di awakọ̀ òfuurufú èrò, ibẹ̀ ni ó ti kọ́ṣẹ́, ó sì padà wá ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Owó ibẹ̀ pọ̀ gan-an ni, kí a má tan ara wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tàbí tí ó fẹ́ máa darí ọkọ̀ láti ilẹ̀, owó tirẹ̀ kéré sí ti awakọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń mú oúnjẹ wá sílé dáadáa.

Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ṣe dábàá pé kí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé fún àwọn ọmọ ìwé karùn-ún àti ìwé kẹfà, ọkùnrin àti obìnrin, ọmọ ẹgbẹ́ àti ọmọ aládùúgbò wa, ìbáà ṣe Nupe, Ìgbìrà, Ìgalà tàbí Haúsá. Olùkọ́ méjì tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú wa ti gbà láti kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àga ni ó kù, pátákó ìkọ̀wé náà kù. Ẹni tí ó bá ní ìwé ìṣirò tàbí ìwé físíìsì tí ọmọ rẹ̀ kò lò mọ́, kí ó fi rán ọmọdé sí ilé akọ̀wé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé. Èyí tí kòkòrò ti jẹ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ náà, a ó gbà á.